Ẹjọ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n pè é fún, kí ló kan iye obìnrin tó ń wọlé tọ̀ ọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ níwájú májísíréètì kan níbí ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní ó já ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lóru, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ méjì lọ. Ó lóun kọ́. Kò sẹ́ni tó bá ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Níjọ́ tí ìyá onílé rẹ̀ wá jẹ́rìí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń mutí, pé obìnrin ń wọlé tọ̀ ọ́, pé wọ́n lé e níléèwé, pé ó dirun bí ọmọọ̀ta. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba ń bi wọ́n sí i, wọ́n sì ń sọ ọ́ lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń dájọ́ nìyẹn? Pásítọ̀ wa náà ti ṣetán láti wá sọ pé ọmọ gidi ni. Ṣé ká mú wọn wá?

———

Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 19 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kọ́ọ̀tù kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, etí mi ló gbọ́ ọ.

Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dájọ́. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 82, sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rí pé olùjẹ́jọ́ jẹ́ ènìyàn burúkú kò ṣeé gbà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, àfi níbi tí abala náà fúnra rẹ̀ bá ti yọ̀ǹda. Abala 81 tó ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀rí pé ó jẹ́ ènìyàn rere ṣeé gbà. Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn méjèèjì ò dọ́gba. Ti rere ṣí sílẹ̀, ti burúkú wà ní títì, olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń mú kọ́kọ́rọ́ dání. Mo ń bọ̀ wá sórí kọ́kọ́rọ́ yẹn, torí òun ni ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín dá lé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń fún mi níṣòro lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí òfin yìí pè ní kárákítà, ìwà ni gbogbo wa ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n òfin náà ṣàlàyé ara rẹ̀: ó ní orúkọ téèyàn ní lẹ́nu aráyé ni òun ń sọ, òun ò sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú ẹni. Kódà níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè, orúkọ yẹn lápapọ̀ ni ẹlẹ́rìí lè sọ. Kò gbọdọ̀ máa ka ìṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pé ó ṣe báyìí nígbà Kérésì, ó ṣe tọ̀hún nígbà Àjíǹde.

Ìyá kan dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí níjọ́ kan, ó ní, "Olúwa mi, ọmọ náà kò níwà." Mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó túmọ̀ rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ náà yóò tóbi ju ohun tí ìyá náà ní lọ́kàn lọ. Májísíréètì rí ojú mi, wọ́n ní kí n bi í pé kí ló ṣe. Ìyá ní, "Kì í kí mi. Á kàn gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá láàárọ̀ bíi pé igi ni mo jẹ́." Májísíréètì gbé bírò sókè kúrò lórí ìwé. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn. Lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ ẹ̀rí. Bí bírò bá dúró, ọ̀rọ̀ yẹn ò wọlé.

Ẹ bi lọ́yà yín: nígbà tí ìyá onílé ń sọ̀rọ̀ irun àti obìnrin, ṣé ó dìde tako ó? Ṣé bírò dúró? Àbí ẹ ò ní lọ́yà?

———

Èsì ti pọ̀ láti àná. Kí n má pa á mọ́, ọ̀pọ̀ yín ló gbè sẹ́yìn ìyá onílé. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹlòmíràn ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Bàbá kan láti Ìsìnkàn ní àwọn ará àdúgbò ló mọ ẹni tí ń bẹ láàárín wọn, kí ni adájọ́ tó ti ibòmíràn wá mọ̀?

Mo mọ òwe méjèèjì, ilé ni wọ́n ti kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ tún èkejì pa, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá jẹ́ pé owó òógùn rẹ̀ ló fi ra àrán ńkọ́? Òwe náà ò sọ pé ó jí i. Ó ń sọ bí ojú aráyé ṣe ń rí lára ẹni tó bá ti ba orúkọ jẹ́. Ẹni tó fẹ́ jalè ni wọ́n ń pa á fún, kó lè ronú. Òwe tí wọ́n pa fún adájọ́ ni agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn.

Ní ti àjẹ́ tó ké lánàá, mo bẹ̀ yín, ẹ wo obìnrin kan tó ń jẹ́ Lindy Chamberlain, ní Australia. Oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni, òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ pàgọ́ sẹ́bàá àpáta Uluru. Ajá igbó ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dingo, gbé Azaria, ọmọ ọ̀sẹ̀ 9, lọ. Ìyá náà ké pé ajá ló gbé ọmọ òun. Àwọn èèyàn wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kò sunkún bí ìyá tí ọmọ kú mọ́ lójú. Ìjọ Adventist ni wọ́n ń lọ, làwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìtumọ̀ orúkọ ọmọ náà ni ẹbọ nínú aginjù. Irọ́ ni. Ní 1982 wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1986 wọ́n rí ẹ̀wù ọmọ náà níbi tí ihò dingo pọ̀ sí, wọ́n tú u sílẹ̀. Ní 1988 wọ́n fagi lé ìdálẹ́bi náà. Ó di 2012 kí ìjọba ibẹ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé ikú ọmọ náà pé dingo ló pa á.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀jẹ̀ nínú mọ́tò wọn ni olùpẹ̀jọ́ gbé ẹjọ́ lé, èyí tó padà hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ojú gbígbẹ yẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti gbà á gbọ́. Ṣé kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Opó tí kò sunkún nídìí òkú ọkọ, ṣé ẹ ò mọ ohun tí àwọn ìyàwó ilé máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú?

———

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè nípa fóònù, bóyá wọ́n lè fi WhatsApp ẹni ṣe ẹ̀rí ní kọ́ọ̀tù, kúkúrú ni tiyín.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, abala 37, dáàbò bo ilé ẹni, lẹ́tà ẹni àti ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ lórí fóònù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé wọn ò lè lo WhatsApp òun láéláé nítorí pé ọlọ́pàá já fóònù gbà, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Abala 14 Òfin Ẹ̀rí gbà kí kọ́ọ̀tù lo ẹ̀rí tí wọ́n rí lọ́nà tí kò tọ́, àfi bó bá rí i pé ibi tó wà nínú gbígbà á ju oore rẹ̀ lọ. Abala 84 ló wá la ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ kí ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde tó wọlé, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni lọ́yà ti máa ń rí nǹkan dì mú.

Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kan ẹ̀sùn náà. Mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ka WhatsApp ọkùnrin kan jáde, ojú ewé tó lé lógójì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kan ohun tí wọ́n mú un fún. Ìyókù jẹ́ bó ṣe ń tọrọ owó oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bó ṣe ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó padà wálé. Ìyàwó náà wà ní ìlà kejì, ó fa gèlè bojú, kò ṣí i títí wọ́n fi dìde. Mi ò gbàgbé.

———

Ẹ̀gbọ́n lọ́yà tó kọ̀wé láti Oǹdó, ẹ ṣeun. Ẹ ní bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àwọn èèyàn á rò pé ìgbésí ayé olùjẹ́jọ́ kò lè dé kọ́ọ̀tù rárá. Ẹ mú ẹjọ́ George Joseph Smith wá, ti Ìlú Ọba, 1915. Fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: Bessie Mundy, ìyàwó tí ọkùnrin náà fẹ́, kú sínú agbada ìwẹ̀ ní 1912. Ọkùnrin náà ń sọ pé kì í ṣe òun, ó bọ́ sí i ni. Olùpẹ̀jọ́ wá fi hàn pé obìnrin méjì mìíràn tó tún fẹ́, Alice Burnham ní 1913 àti Margaret Lofty ní 1914, kú sínú agbada ìwẹ̀ bákan náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ṣe ìwé tó máa gbé owó wọn fún un, ìwé ogún tàbí inṣọ́ránsì. Adájọ́ gbà á wọlé, wọ́n sì yẹgi fún un.

Mo gbà fún yín. Òfin tiwa náà ní irú rẹ̀: bí wọ́n bá ń wádìí bóyá èèṣì ni nǹkan tàbí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, wọ́n lè fi hàn pé irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí ẹni yìí kan náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi mú Smith. Ìyàwó tí ọkùnrin náà ti fẹ́ ju mẹ́ta lọ dáadáa, ó ń fi wọ́n sílẹ̀ kiri. Ìyẹn kọ́ ló pa á. Agbada mẹ́ta, òkú mẹ́ta, ìwé owó mẹ́ta. Ohun tí wọ́n bi í nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ gbèsè wò ó. Ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni ni gbèsè, ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá jẹ télọ̀ lówó, tàbí télọ̀ ló jẹ ẹ́, tí wọ́n ti jà lórí rẹ̀, tó ti sọ níwájú èèyàn pé òun máa gba ẹ̀tọ́ òun, ìyẹn lè wọlé, torí ó ń fi ìdí tó fi lè ṣe é hàn. Ọtí tó ń mu ò ṣe ìyẹn. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, bí mo bá yọ orúkọ ọmọ yìí kúrò tí mo fi ti ọmọ tèmi sí i, ṣé ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí ń sọ yìí ṣì ń tọ́ka sí ẹrù tó sọnù? Bí kò bá tọ́ka, ẹ̀gàn ni.

Ibi tí èmi àtẹ̀yin ò ti ní fohùn ṣọ̀kan nìyí. Ẹ ní lọ́dọ̀ wa adájọ́ nìkan ló ń dájọ́, kò sí àwọn ará ìlú 12 bíi ti òyìnbó, adájọ́ sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nǹkan kí wọ́n sì gbé e jù sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo dúró nítòsí wọn fún ọdún 19. Ènìyàn ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára, wọ́n ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú adájọ́ tó yí padà lẹ́yìn tí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kó sọ. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ohùn tí wọ́n fi ń bá olùjẹ́jọ́ sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn lọ kì í ṣe ti àárọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí lọ́yà dìde kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu. Bó bá ti jáde tán, etí ti gbọ́.

———

Arábìnrin tó bèèrè pé ta ló wá dáàbò bo obìnrin tí wọ́n fipá bá lò, nígbà tí olùjẹ́jọ́ ti ní òfin tó ń bò ó: ẹ fọwọ́ kan egbò mi.

Kí òfin 2011 tó dé, òfin àtijọ́ gbà kí ọkùnrin tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn yẹn kàn fi hàn pé oníṣekúṣe ni obìnrin náà. Mo ṣe ògbufọ̀ fún obìnrin oníṣòwò kan nígbà náà. Lọ́yà bi í nípa ọkọ tó kọ ọ́, ó bi í nípa ẹni tó ń gbé e relé láti ọjà, ó bi í iye ọkùnrin tó ti mọ̀ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹnu tèmi ni gbogbo ìbéèrè yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní Yorùbá, ní ohùn obìnrin bíi tirẹ̀. Ìbúra tí mo ṣe ni pé mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀. Lọ́nà àárín ó kọjú sí mi, kò kọjú sí lọ́yà mọ́, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ mọ̀ ni?" Mo túmọ̀ ìyẹn náà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Lónìí, abala 234 ní wọn ò gbọdọ̀ bi í nípa ohun tó wà láàárín òun àti ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí olùjẹ́jọ́, àfi bí kọ́ọ̀tù bá yọ̀ǹda. Ó yẹ kó ti wà tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà sì ni èyí àti ti ọmọ tó dirun: ẹni tó ń jẹ́jọ́ àti ẹni tó ń rojọ́, kò sí èyí tí wọ́n ní kó wá ka gbogbo ayé rẹ̀ fún wa.

———

Ó yá, ọ̀rọ̀ pásítọ̀.

Ẹ má ì tíì mú wọn wá. Abala 82 kan náà ní bí olùjẹ́jọ́ bá ti mú ẹ̀rí wá pé ènìyàn rere ni òun, ìjọba lè mú ẹ̀rí wá pé ènìyàn burúkú ni. Níbi tí ìyẹn bá sì ti ṣeé gbà, ìdálẹ́bi tó ti jẹ sẹ́yìn náà ṣeé gbà. Kọ́kọ́rọ́ tí mo wí nìyẹn. Ọ̀nà mìíràn wà tó fi lè ṣílẹ̀kùn yìí: bí lọ́yà yín bá ń bu ẹlẹ́rìí ìjọba, pé onírọ́ ni wọ́n, pé oníṣekúṣe ni wọ́n, tí àbúrò yín sì wọ inú àpótí lọ jẹ́rìí fúnra rẹ̀, wọ́n lè bi òun náà nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Bákan náà bó bá jẹ́rìí tako ẹni tí wọ́n jọ fẹ̀sùn kàn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìbínú sí ìyá onílé gbé lọ́yà yín lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó lu èèyàn. Ẹjọ́ náà ti ń mì lọ́wọ́ ìjọba, ẹlẹ́rìí wọn kejì ò wá. Ìdílé rẹ̀ mú alàgbà ìjọ wá, arúgbó tó wọ àgbádá funfun. Bàbá náà sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní ọkùnrin yìí ló ń fọ ilé Ọlọ́run láràárọ̀ Sátidé, pé kò lè pa eṣinṣin. Olùpẹ̀jọ́ rọra dìde, ó mú ìwé kan jáde. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ọkùnrin náà ti ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé ó fi irin ṣá ẹnì kan lórí. Alàgbà ò mọ̀. Ìwé yẹn ì bá má dé iwájú májísíréètì láéláé.

Bí àbúrò yín ò bá ní ohunkóhun sẹ́yìn, tí lọ́yà sì ní kí pásítọ̀ wá, ẹ mú wọn wá. Ṣùgbọ́n kí lọ́yà jókòó ti àbúrò yín lóun nìkan, kó bi í ní òótọ́, kí ìyá yín má sí níbẹ̀.

Béèlì yàtọ̀ o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè ilé tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó lè dúró fún un, bóyá yóò sá. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn ìdálẹ́bi, nígbà tí wọ́n bá ń wo irú ìyà tó yẹ. Pásítọ̀ wúlò níbi méjèèjì.

———

ẸNI TÓ BÈÈRÈ

Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá. A ti gba lọ́yà. Lọ́jọ́ Tuesday ó tako ìbéèrè nípa àwọn obìnrin, májísíréètì sì dá ìyá onílé dúró. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a ò sọ níbẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ní lóru ọjọ́ náà, òun wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan ní Ọ̀bá-Ilé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá wa ní ká má dárúkọ ọmọ náà rárá. Wọ́n ní bó bá wá, ohun tí ìyá onílé ń sọ ti di òótọ́ nìyẹn.

———

Ọmọ mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa èyí mọ́ látọjọ́ yìí?

Ẹ sọ fún ìyá yín pé mo bẹ̀ wọ́n lórí ìkúnlẹ̀. Pásítọ̀ kò wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìyá onílé kò wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin yìí nìkan ló mọ ibi tí ọmọ yín sùn. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ọmọ rere ni àbúrò yín. Wọ́n á bi í pé aago mélòó ló dé, ta ló tún rí i, ìgbà wo ló lọ. Álíbáì ni àwọn lọ́yà ń pè é. Ìtìjú tó wà níbẹ̀ kò tó ọjọ́ kan ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta.

Ṣùgbọ́n àkókò ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀tù máa ń fẹ́ kí olùjẹ́jọ́ ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi tó wà àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè lọ wádìí. Bó bá ti sọ ọ́ tí wọn ò wádìí, ẹrù ìyẹn wà lórí ìjọba. Bó bá di inú àpótí kó tó sọ ọ́, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni. Ẹ gba ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, kẹ́ ẹ kà á láti òkè délẹ̀ lónìí. Kí lọ́yà kà á pẹ̀lú yín.

———

ẸNI TÓ BÈÈRÈ

A ti rí i, Màmá. Ó wà lójú ewé kejì nísàlẹ̀, ìlà méjì. Ó kọ orúkọ ọmọbìnrin náà àti àdúgbò rẹ̀, ó ní òun wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀. A lọ bá ọmọ náà ní Ọ̀bá-Ilé nírọ̀lẹ́ àná. Ó ní kò sí ọlọ́pàá kankan tó wá bi òun ní nǹkan kan látọjọ́ náà. Ó ní òun máa wá. Ìyá wa ló ń wá aṣọ tó máa wọ̀ báyìí. Ọjọ́ 14 oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n sún un sí.